Ọgbà Bòtujẹ̀ Létí Odò

Shakirah ọmọ Alhaji Gàfárù kì í jẹ ẹ̀fọ́ ọjà. Kì í ṣe pé ẹ̀fọ́ kò dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun tó ń tà ló ń bà á lẹ́rù. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá wọn tajà ní Ring Road, oògùn kòkòrò ló kún ara ògiri látilẹ̀ dókè: olómi, oníyẹ̀fun, èyí tó ń rùn bíi kẹrosíìnì, àti èyí tí kò rùn rárá tó wá burú ju gbogbo wọn lọ. Àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ a máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Shakirah a bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa kórè. "Ìrọ̀lẹ́ òní náà ni, Àǹtí," ni wọ́n máa ń dá a lóhùn, wọn kì í sì í wojú rẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Bó bá wá dé ọjà Bódìjà, tó rí tẹ̀tẹ̀ tó ń dán, tí kòkòrò kankan kò fẹnu kàn, ara rẹ̀ á bù máṣọ, á sì gba ìdí ẹlẹ́wà lọ.

Ká sòótọ́, kì í ṣe ẹ̀fọ́ nìkan ló ń ba ọmọ náà lẹ́rù. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, láàárín ọ̀sẹ̀ tí ìyá náà ní òun ń lọ kí ará òun, òun ń bọ̀. Láti ìgbà náà ni Shakirah ti gbà pé ohun tó bá dára ní ibi tó ti máa bàjẹ́, kó ṣáà máa retí rẹ̀ ni. Ọkùnrin méjì ti wá bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́ rí. Èyí tó dára jù, ó ní irọ́ ni. Èyí tí kò dára tó bẹ́ẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Ó lé àwọn méjèèjì lọ.

Ìgbà tí òjò ń múra àtirọ̀ ni Mujeeb wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ga, ẹrẹ̀ wà ní sálúbàtà rẹ̀, ó sì bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, ohun tí oníbàárà kankan kò ṣe rí.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ ní irúgbìn efinrin?"

Shakirah wò ó. "Efinrin tó ń hù fúnra ẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀? Ta ló ń ra ìyẹn?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ gbìn ín sáàárín tẹ̀tẹ̀."

"Kí ni efinrin fẹ́ ṣe fún tẹ̀tẹ̀?"

"Ó fẹ́ fi í pamọ́ ni. Òórùn ni kòkòrò fi ń wá oúnjẹ. Bí efinrin, àlùbọ́sà àti ewé tíì bá ti ń rùn pọ̀ lójú kan, kòkòrò ò ní mọ ibi tí tẹ̀tẹ̀ wà mọ́. Á kàn máa fò kiri ni."

"Bó bá wá jẹ́ olóríkunkun ńkọ́?"

"Mo ti gbin ilá sétí oko fún olóríkunkun. Àwọn kòkòrò kan wà tó fẹ́ràn ilá ju ohun gbogbo lọ. Bí wọ́n bá ti rí i, ibẹ̀ ni wọ́n máa jókòó sí, wọn ò ní wá ẹ̀fọ́ wá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Shakirah. Ó ní ó jọ pé ọkùnrin yìí ń ṣàlejò kòkòrò ni. Mujeeb ní bẹ́ẹ̀ náà ni, pé ẹni téèyàn ò lè lé, kéèyàn wá ibi tó máa jókòó sí fún un.

"Ta ló júwe ṣọ́ọ̀bù yìí fún yín?"

"Alhaji Gàfárù ni. Àwọn ni wọ́n gbà mí láyè létí odò lẹ́yìn Challenge. Wọ́n ní ọmọ àwọn wà níbí."

Ọ̀rọ̀ náà kọjá lọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Shakirah kò ní irúgbìn efinrin, ṣùgbọ́n ó ṣèlérí pé òun máa bá a já ọwọ́ kan láti ẹ̀yìnkùlé àwọn ní Àpáta. Olúkẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù kejì, gbọ́ gbogbo rẹ̀ látẹ̀yìn ògiri.

"O ti ń fún oníbàárà ní ewé lọ́fẹ̀ẹ́," ni Olúkẹ́mi wí. "Ọ̀gá ẹ mọ̀?"

"Efinrin lásán ni."

"Mo gbọ́. Efinrin lásán."

Mujeeb padà wá pẹ̀lú ìdì tẹ̀tẹ̀ kan. Ihò kéékèèké wà lára ewé mélòó kan. Shakirah mú ọ̀kan, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì wo ihò náà títí. Kòkòrò kan ti jẹ níbẹ̀, kò sì kú. Ó se ẹ̀fọ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fi omi kan ṣoṣo fọ̀ ọ́, ó sì jẹ ẹ́ tán. Bó ti ń nu ọwọ́ ni àyà rẹ̀ là, torí ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti dùn mọ́ ọn tó báyìí.

Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Olúkẹ́mi ni alárinà wọn, ẹnikẹ́ni kò yàn án sípò, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Bí Mujeeb bá kọjá tí Shakirah kò sí nílé ìtajà, Olúkẹ́mi á gba iṣẹ́, á sì fi iyọ̀ sí i kó tó jẹ́ ẹ. Ó sọ fún Shakirah pé ọmọ Ṣakí ni, pé ó jáde ní pólì ní Àpẹ́tẹ̀, pé kò níyàwó, pé ó máa ń bá ata sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Àwọn àgbà kúkú ti ní bí ojú bá ti mojú tán, alárinà á yẹ̀bá.

Nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa, ìṣòro mìíràn yọjú. Tata ń fò wá láti inú koríko etí odò, ewúrẹ́ àdúgbò sì ń wọlé wá jẹ ohun tí tata bá ṣẹ́ kù. Efinrin kò sọ nǹkan kan fún ewúrẹ́. Mujeeb ní bí òun bá rí ohun tó korò yí oko náà ká, nǹkan á dẹrùn.

"Bòtujẹ̀ ńkọ́?" ni Shakirah béèrè. "Ewúrẹ́ kì í fẹnu kàn án. Ó kún ẹ̀yìn ilé wa. Igi ẹ̀ lásán lèèyàn máa gún mọ́lẹ̀, á hù."

Ó gé igi náà láàárọ̀ Sátidé kan, ó dì í, ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́ dé Challenge. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gún un mọ́lẹ̀ yí oko náà po, Mujeeb ń fi irin lu ihò, Shakirah ń ti igi bọ̀ ọ́. Oje igi náà ta sí i láṣọ. Nígbà tí wọ́n dé igun tó kẹ́yìn, Mujeeb dúró.

"Shakirah, mo fẹ́ wá rí Bàbá."

"Lórí kí ni?"

"Lórí ẹ."

Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á lẹ́sẹ̀ kan náà, débi pé kò mọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Ó ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ fún ìyá òun, ìyẹn Ìyá Zùwáírátù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà. Ó sọ fún un. Ìyá náà ní kó ní sùúrù, òun máa wá àyè tó dára sọ ọ́ létí Alhaji.

Àyè náà kò yọjú. Lọ́jọ́ Ajé kan, Alhaji Gàfárù gba Challenge kọjá, ó ní kí wọ́n yà sétí odò kí òun wo bí omi ti kún tó. Nígbà tó délé ní Àpáta, kò bọ́ fìlà, kò dáhùn ìkíni. Ó jókòó sórí àga. Shakirah gbé omi fún un, kò gbà á.

"Ọmọkùnrin Ṣakí yẹn ti pààlà sórí ilẹ̀ mi," ni bàbá náà wí jẹ́ẹ́. "Bòtujẹ̀ ló gbìn. Ó gbìn ín yí ká, ó tọ́ bíi pé sọ̀fíyọ̀ ló wọ̀n ọ́n. Ó ti rúwé."

Ìyá Zùwáírátù rọra jókòó. "Bòtujẹ̀ kẹ̀?"

"Bòtujẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ ń gbọ́ o."

Shakirah kò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ igi fi lè ba àgbàlagbà méjì lẹ́rù bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ló tó gbọ́ ọ. Bàbá bàbá rẹ̀ ti gba àlejò kan sórí ilẹ̀ wọn ní Àpáta níbí. Àlejò náà ní ewúrẹ́ ń jẹ gbágùúdá òun, onílẹ̀ sì fi ẹnu ara rẹ̀ ní kó gbin bòtujẹ̀. Ọdún gorí ọdún, igi di ńlá, àlejò kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì pe ẹjọ́. Agbẹjọ́rò wọn mú adájọ́ dé ibẹ̀, ó ní kó fojú ara rẹ̀ wo ààlà. Igi tí bàbá náà ní kí wọ́n gbìn ló jẹ́rìí takò ó. Apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà lọ. Bàbá náà kò gbádùn títí ó fi kú.

"Ibo ni ààlà náà wà?" ni Shakirah béèrè.

"Ẹ̀yìnkùlé wa yìí náà ni," ni Alhaji dáhùn. "Bòtujẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Mi ò fẹ́ràn kí n máa sọ ọ́ ni ẹ ò ṣe gbọ́ ọ rí."

Shakirah di ara ilẹ̀kùn mú. Ara igi náà gan-an ló ti gé èyí tó kó lọ sí Challenge. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa rán àwọn ọmọkùnrin kan síbẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Wọn ò ní fi ewé kan sílẹ̀. Bó bá dúró dè wọ́n, ọrùn ara ẹ̀ ló wà."

Shakirah mọ irú àwọn ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ onílẹ̀ n'Íbàdàn ló mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti fi igi ṣẹ́ bíríkìlà kan lápá lọ́nà Àpáta lójú ara rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, ó sì ń gbọ́ igbe ọkùnrin náà lójú oorun di bá a ti ń wí yìí.

Nínú ilé ìdáná, Ìyá Zùwáírátù ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé òun lo sọ fún mi?"

"Òun ni, Ìyá."

"Kó tó rí ọ, ṣé ó ti mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́?"

Shakirah rántí ọjọ́ àkọ́kọ́. *Wọ́n ní ọmọ àwọn wà níbí.* "Ó mọ̀," ló wí.

"Ìwọ lo sọ fún mi pé ó ń gbin ilá sétí oko kí kòkòrò lè jókòó síbẹ̀, kí ohun tó fẹ́ gan-an lè ráyè." Ìyá náà kò pariwo, àánú ló wà lójú rẹ̀. "Mi ò ní ó burú o. Mo kàn ń bi ọ́ ni. Nínú ìwọ àti ilẹ̀ yìí, èwo ni ilá, èwo ni ẹ̀fọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Shakirah lọ́kàn bíi pé òun fúnra rẹ̀ ló ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹnì kan sì wá sọ ọ́ jáde. Ó ti mọ̀ kẹ̀. Ohun tó bá dára ní ibi tó ti máa bàjẹ́.

Ó lọ sí etí odò láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó lọ ibi iṣẹ́. Mujeeb ń já koríko láàárín àlùbọ́sà. Inú rẹ̀ dùn láti rí i, ìdùnnú náà sì kú lójú rẹ̀ bó ti ń gbọ́rọ̀.

"Bòtujẹ̀ ọgbà ewúrẹ́ ni lọ́dọ̀ wa," ló wí. "Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀."

"O mọ̀ pé ọmọ onílẹ̀ ni mí kí o tó mọ orúkọ mi."

"Mo mọ̀. Mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn gan-an."

"Kí ló dé tí mo ṣe wá ń rò pé ilẹ̀ lo tẹ̀ lé dé ọ̀dọ̀ mi?"

Mujeeb ju koríko ọwọ́ rẹ̀ nù. "Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe tí o ò ní rò bẹ́ẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kí n lọ bá Bàbá. Màá ní èmi ni mo rí igi náà níbì kan."

"Wọ́n máa lù ọ́ kí o tó parí gbólóhùn."

Ó dé ṣọ́ọ̀bù, kò lè ta ọjà. Ó fún ẹni tó béèrè irúgbìn ilá ní irúgbìn kárọ́ọ̀tì. Olúkẹ́mi fi búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó tì í, ó gbọ́ ohun gbogbo, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ kankan, ìyẹn gan-an sì tún ba Shakirah lẹ́rù.

"Ọ̀rẹ́ mi, ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," ni Olúkẹ́mi wí. "Àwọn ọmọkùnrin yẹn ń bọ̀, igi tó o gé ni wọ́n fẹ́ tìtorí ẹ̀ lu ọmọ ọlọ́mọ. Lọ sọ ọ́."

"Bí bàbá mi bá lé mi jáde ńkọ́?"

"Ilé wa ní Bódìjà ní yàrá. Ìyá mi máa fi orin ìjọ Áńgílíkà pa ọ́, ṣùgbọ́n o ò ní sùn síta."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Shakirah kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. Ó ní òun ló gé bòtujẹ̀, láti ẹ̀yìnkùlé, òun ló gbé e lọ, òun ló bá a gbìn ín. Ó ní òun kò mọ ìtàn igi náà. Ó ní ọmọkùnrin náà fẹ́ fẹ́ òun, òun náà sì fẹ́ ẹ. 

Ó ti múra sílẹ̀ de igbe. Igbe kò dé. Alhaji Gàfárù kàn ń wò ó bíi pé ibi tó jìnnà ló wà.

"Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá," ló wí. "Mi ò mọ̀ bóyá ekòló ni ọmọ yìí o. Ìwọ náà ò mọ̀. Àbí o mọ̀?"

Shakirah kò lè purọ́. "Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Ó dáa. Mi ò ní rán ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Jímọ̀, níwájú ẹbí, o máa fẹnu ara ẹ kọ ìpín ẹ nínú ilẹ̀ wa sílẹ̀, títí kan ti Challenge. Ìwọ ò ní níbẹ̀ mọ́, ọmọ tó o bá bí ò ní níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o lọ sọ fún un. Bó bá jẹ́ ìwọ ló ń wá, á wá. Bó bá jẹ́ ilẹ̀, a ò ní rí i mọ́."

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, ilẹ̀ kọ́ ló dun Shakirah. Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni pé ọ̀nà yìí máa fi òótọ́ hàn án. Bó bá kọ̀, ó lè máa fẹ́ Mujeeb nínú iyèméjì títí ayé, iyèméjì kì í ṣáà pa èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Bó bá gbà, tí ọkùnrin náà kò sì wá, kí ló kù? Kò sùn ní gbogbo ọjọ́ tó ṣáájú Jímọ̀. Ó ń wò ó nínú ọkàn rẹ̀ bí Mujeeb á ṣe máa wá àwáwí, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣe máa falẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìpàdé ọjọ́ Jímọ̀ náà kò pẹ́ rárá. Àwọn àgbà jókòó ní pálọ̀, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n fọwọ́ pa ojú. Gbogbo wọn ló ṣe àmín àfi Ìyá Zùwáírátù, tó ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

Láti ibẹ̀ ni Shakirah gba Challenge lọ. Mujeeb ń bu omi sí ṣọkọ. Ó sọ fún un tààrà, kò dọ́gbọ́n sí i.

Garawa ọwọ́ Mujeeb dúró lójú kan. "O ti sọ ọ́ níwájú wọn?"

"Mo ti sọ ọ́."

"Ilẹ̀ gbogbo?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. Kì í ṣe ìbínú, kì í ṣe ẹ̀rín. Ó gbé garawa sílẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́ nínú odò, ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà títì lọ láìsọ ohunkóhun. Shakirah dúró sáàárín ẹ̀fọ́, efinrin ń rùn yí i ká. Ó rò pé ó máa bojú wẹ̀yìn tó bá dé ìdí afárá. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ó pè é lálẹ́, fóònù rẹ̀ ti kú. Ó pè é láàárọ̀, bákan náà ni. Olúkẹ́mi ní bóyá iná ni kò sí, àmọ́ kò tún un sọ nígbà tó di ọjọ́ kejì. Shakirah ń ta oògùn kòkòrò, ó ń ka orúkọ wọn sókè fún àwọn oníbàárà, kò sì gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wí. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó yà sétí odò. Ẹnikẹ́ni kò bu omi síbẹ̀. Wọ́n ti hú bòtujẹ̀ náà kúrò pátápátá, wọ́n tò ó jọ sójú kan, gbòǹgbò rẹ̀ ti ń gbẹ. Bàbá rẹ̀ ní òun kọ́ ló rán ẹni tó hú u. Ó wá yé Shakirah pé ọkùnrin náà ti palẹ̀ mọ́. Ó jókòó sórí ebè, ó sunkún, ojú ń tì í ju bí àánú ara rẹ̀ ti ń ṣe é lọ.

"Mo ti mọ̀," ló ń wí fún ara rẹ̀. "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n kanlẹ̀kùn ní Àpáta. Shakirah wà nínú yàrá, ó gbọ́ "Àsàláámù àlékùm", ó sì mọ ohùn náà.  Ó rìn dé ẹ̀yìn kọ́tìnì. Mujeeb ti dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Àgbàlagbà kan tó wọ dàńṣíkí aṣọ òkè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní láti Ṣakí làwọn ti ń bọ̀, pé òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá Mujeeb.

"Bàbá, mo ti hú igi náà," ni Mujeeb wí. "Mo ti kúrò lórí ilẹ̀ yín. Èyí tó kù níbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ máa já a jẹ. Mi ò wá tọrọ ọmọ yín lónìí."

 Shakirah di kọ́tìnì mú.

"Kí lo wá wá?" ni Alhaji béèrè.

"Mo wá bẹ̀ yín pé kí ẹ dá ìpín ẹ̀ padà fún un."

 Mujeeb gbé orí sókè, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Nígbà tó sọ fún mi pé òun ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀rù bà mí tí mi ò lè sọ̀rọ̀. Bàbá mi lé ìyá mi jáde nílé nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìyá mi ò ní ibi tó máa padà sí, torí wọ́n ti pín ilẹ̀ bàbá wọn, wọn ò fi ti obìnrin sí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí la sùn sí. Gbogbo èèyàn ló sọ pé bàbá mi fẹ́ràn ìyá mi nígbà tó fẹ́ ẹ. Bàbá mi fúnra ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo fẹ́ràn Shakirah, Bàbá, mo sì gbà pé mi ò ní yí padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí padà lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kó ní ilẹ̀ tó máa dúró lé."

Alhaji Gàfárù yíjú sí àlejò àgbà náà. "Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," ni ọkùnrin náà dáhùn. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èmi tí mo jókòó yìí wà nínú àwọn tó pín in."

Shakirah gbọ́ tí bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó ti rò pé òun nìkan lẹ̀rù ń bà ní gbogbo ayé yìí. Bàbá rẹ̀ ń bẹ̀rù ẹni tó lè gba ilẹ̀; ọkùnrin yìí ń bẹ̀rù ohun tó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ti lọ sí Ṣakí lọ mú ẹlẹ́rìí tó máa jẹ́rìí sí i níwájú ẹni tó lè fi ọmọ fún un. Ó sunkún lẹ́yìn kọ́tìnì náà, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

"Ìpín ọmọ mi ti padà sọ́wọ́ ọmọ mi," ni Alhaji wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́rìí."

"Mo jẹ́rìí," ni Ìyá Zùwáírátù wí. "Àmín ti èkíní, mi ò tilẹ̀ ṣe é."

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí, o ò ní gbin ewé kan sórí ilẹ̀ mi mọ́."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ọ̀rẹ́ mi kan ti fún mi láyè ní Àpẹ́tẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Dìde. Lọ́jọ́ tó bá yá ọ láti wá tọrọ ọmọ, kí o wá, mo wà nílé."

Ó wá, òun àti àwọn ará rẹ̀, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yìgì, Shakirah jókòó sínú yàrá láàárín àwọn obìnrin, Olúkẹ́mi di ọwọ́ rẹ̀ mú.  Ẹ̀rù kò kúrò lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tó purọ́ fún un pé ó máa kúrò. Ó ń rò ó pé ìyá Mujeeb náà ti jókòó báyìí rí, nínú aṣọ tuntun, tí inú rẹ̀ ń dùn.

Alhaji Gàfárù wọlé pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀, láti bi í bóyá ó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó so yìgì. Ó pe orúkọ ọkùnrin náà, ó pe orúkọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé o gbà á?" Ohùn bàbá náà kò dúró dáadáa.

Shakirah lanu, kò rí ohùn.  Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà, pé ìdákẹ́ wúńdíá ni ìyọ̀ǹda rẹ̀, pé ó ti tó, kí àwọn máa lọ. Wọ́n yí padà sí ẹnu ọ̀nà.

"Mi ò dákẹ́ o," ni Shakirah wí. Ó ti dìde dúró. "Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí. Mo sì gbà á. Mo gbà á."

Àwọn tó wà nídìí ààrò lẹ́yìnkùlé gbọ́ ọ. Àwọn ọkùnrin tó wà ní pálọ̀ gbọ́ ọ. Ẹlẹ́rìí náà ní ó dáa, àwọn ti gbọ́. Ṣùgbọ́n Alhaji Gàfárù kò tíì kúrò lójú kan. Ó bọ́ fìlà, ó dì í mú lọ́wọ́, ó ní kó tún un sọ, òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ dáadáa.

Ó tún un sọ.